Èbúté Ọ̀sà Tó Ń Bọ́ Ọjà'ba

Ìbàdàn kò ní òkun, kò ní ọ̀sà. Odò Ògùnpa àti odò Kúdẹtì tó gba àárín ìlú kọjá kò lè gbé ọkọ̀ ẹrù kankan. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí àwọn ìyá ń pàtẹ ní Ọjà'ba láàárọ̀: iyọ̀ inú ọpọ́n, ṣúgà inú kóńgò, fúláwà tí àwọn onípọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ń rà, búrẹ́dì tó ṣì gbóná láti ilé ààrò ní Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká. Ojú omi ni púpọ̀ jù nínú wọn, tàbí ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n, gbà wọlé. Àpápá létí ọ̀sà Èkó ni wọ́n ti gúnlẹ̀, nínú ikùn ọkọ̀ ńlá, láìsí àpò, láìsí páálí, láìsí kọ̀ǹtẹ́nà. Ńṣe ni wọ́n dà wọ́n sọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà tàbí Bràsíìlì.

Bí èbúté irú ẹrù àìdì bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Nígbà tí búrẹ́dì bá fúyẹ́ sí i tí owó rẹ̀ sì ń lọ sókè, ìyá tó ń tà á la máa ń bínú sí. Dọ́là ní ẹ̀bi tirẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kan tún wà tí ẹrù ń jẹ lọ́nà, láàárín etí ọ̀sà àti orí òkè Mápó, èyí gan-an ló sì wà níkàáwọ́ wa láti dín kù. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹrù ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kò lè mọ ibi tí owó náà ti ń jò.

Ìbàdàn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà dé etí omi. Láti nǹkan bí 1829 tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀dó síbẹ̀, etíkun ni ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ ti ń wá. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ń lọ síbẹ̀, orí ènìyàn ló sì ń ru gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà kan gba Abẹ́òkúta, òmíràn gba Ìjẹ̀bú lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Ẹjìnrìn, òmíràn gba Rẹ́mọ lọ sí Ìkòròdú. Láwọn etí ọ̀sà wọ̀nyí ni ọkọ̀ àjẹ̀ ti ń gba ẹrù lọ sí Èkó. Ẹni tó ni ọ̀nà ló ni ọjà: nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ohun ìjà àti iyọ̀ sì di ọ̀wọ́n gógó. Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892 ni ọ̀nà ibẹ̀ tó là. Ní 1901 reluwé dé Ìbàdàn, ọrùn àwọn alábàárù ọ̀nà jíjìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi.

Ọ̀sà Èkó fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ gba ọkọ̀ ńlá. Yanrìn tí ìgbì ń kó jọ sí ẹnu rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkọ̀ tó jinlẹ̀ wọlé. Àwọn ọkọ̀ òkun a dúró sí Forcados, ọkọ̀ kéékèèké a sì máa kó ẹrù wọn láti ibẹ̀ wá sí Èkó. Wọ́n ní láti fi òkúta ńláńlá mọ ògiri sínú òkun, kí ọkọ̀ akóyanrìn sì máa ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, kí ó tó di nǹkan bí 1914 tí ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tààrà. Ní 1926 wọ́n parí ibùdó ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jinlẹ̀ ní Àpápá. Títí dòní, bí wọ́n bá dẹ́kun kíkó yanrìn, ọ̀nà ọkọ̀ náà á tún dí ni. Nǹkan bí mítà 13.5 ni wọ́n ń gbìyànjú láti jẹ́ kó jìn.

Láti 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi iṣẹ́ inú èbúté lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. NPA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó èbúté, di onílé, àwọn aládàáni di ayálégbé. Ní Àpápá, APM Terminals ló ń mójú tó kọ̀ǹtẹ́nà. Ọwọ́ Apapa Bulk Terminal, tó jẹ́ ọmọ ilé iṣẹ́ Flour Mills, ọwọ́ ENL Consortium, àti ọwọ́ Greenview tó jẹ́ ti Dangote ni ẹrù àìdì pọ̀ sí. Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá ní 1962, ibi tí wọ́n kọ́ ilé ìlọ̀ wọn sí sì fi hàn pé wọ́n mọ iṣẹ́ wọn: etí omi gan-an ni. Àlìkámà lè ti inú ọkọ̀ bọ́ sínú sáílò kó sì di fúláwà láìgun tírélà rárá.

Ká wá mú ọkọ̀ kan tó gbé 30,000 tọ́ọ̀nù àlìkámà. Bí wọ́n bá di í sínú àpò oní-50 kìlógíráàmù, àpò 600,000 ni. Ọkọ̀ náà á kọ́kọ́ ju ìdákọ̀ró sójú òkun lẹ́yìn odi Èkó, á dúró de àyè. Tí àyè bá ṣí, atọ́kọ̀ tó mọ ìsàlẹ̀ omi náà bí ẹní mọ ìyẹ̀wù ara rẹ̀ á gun orí rẹ̀, nítorí ọ̀gá ọkọ̀ tó ti òkè òkun bọ̀ kò mọ ibi tí yanrìn wà. Àwọn ọkọ̀ kékeré alágbára á tì í láti ẹ̀gbẹ́ títí á fi fara kan wófù. Lẹ́yìn náà ni kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn elétò ìlera èbúté àti àwọn tó ń yẹ irè oko wò á wọlé. Wọ́n á bu àlìkámà láti inú yàrá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wò ó bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, bóyá ó lọ́rinrin jù.

Kí wọ́n tó já ẹyọ kan, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ iye ohun tó wà nínú ọkọ̀. Kò sí òṣùwọ̀n tí a lè gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lé. Omi ni òṣùwọ̀n rẹ̀, apá yìí ló sì máa ń wú mi lórí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Níwájú, láàárín àti lẹ́yìn ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Aṣàyẹ̀wò á wọ ọkọ̀ kékeré, á yí i po, á ka ibi tí omi dé lójú nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìgbì kò sì ní dúró dè é. Lẹ́yìn náà á ju korobá sínú omi, á fà á sókè, á sì ti ọ̀pá gíláàsì kan tó ń léfòó bọ inú rẹ̀ láti mọ bí omi náà ti wúwo tó.

Ìdí tí ó fi ń wọn omi ni pé omi ọ̀sà kì í dúró sójú kan. Lítà kan omi òkun wúwo tó kìlógíráàmù 1.025, lítà kan omi odò kò ju kìlógíráàmù 1 lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ láti inú òkun a gba ọ̀sà Èkó. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò yòókù a ya wọ inú rẹ̀, iyọ̀ á dín kù, ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹrù kan náà á sì rì sísàlẹ̀ sí i. Lára ọkọ̀ tó gùn tó 190 mítà, sẹ̀ǹtímítà kan péré tí wọ́n bá ṣì kà jẹ́ nǹkan bí 55 tọ́ọ̀nù, àpò tó lé ní ẹgbẹ̀rún nìyẹn. Bí wọ́n bá já ẹrù tán, wọ́n á tún nọ́ńbà náà kà. Wọ́n á yọ omi àti epo tí ọkọ̀ lò tàbí tó fà kún ara rẹ̀ kúrò, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni iye àlìkámà tó bọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín ọlọ́kọ̀ àti olówó ẹrù ló ti bẹ̀rẹ̀ lórí korobá omi kan yìí.

Ó kan jíjá ẹrù sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Nínú èkíní, kirénì á sọ ọwọ́ irin oníka méjì kalẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀, ọwọ́ náà á la ẹnu, á bu àlìkámà, á pa ẹnu dé, á gbé e wá sókè àrọ irin ńlá kan tó dúró lórí wófù, á sì tú u sínú rẹ̀. Lábẹ́ àrọ náà, tírélà lè dúró kó gba tirẹ̀, tàbí kí bẹ́líìtì máa gbé e lọ sí sáílò láìdúró. Nínú èkejì, páìpù gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n á rì bọ inú àlìkámà, ẹ̀rọ á sì fà á mu láti inú ọkọ̀ dé orí bẹ́líìtì. Páìpù kì í da ẹrù sílẹ̀, eruku rẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ pọ̀. Ọwọ́ irin yá, ó sì wúlò fún iyọ̀, ṣúgà tútù àti ajílẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sórí wófù kò kéré. Àwọn ẹyẹlé ló ń jẹ ìyẹn.

Wọn kì í kó yàrá kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Ọkọ̀ onírin tó gùn báyẹn máa ń tẹ̀. Bí àárín bá ṣófo tí orí àti ìdí ṣì kún, irin rẹ̀ lè fà ya. Nítorí náà ìwé ètò kan máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ àti alábòójútó wófù tó sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó nínú yàrá kìíní kí wọ́n tó kan ìkẹta, iye omi tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fà sínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó má baà fúyẹ́ jù. Tí ẹrù bá ti lọ sísàlẹ̀, tí ọwọ́ irin kò lè kó igun mọ́, wọ́n á fi kirénì sọ katapílà kékeré kalẹ̀ sínú yàrá náà kó máa ti àlìkámà jọ sí àárín. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀. Ibi nìkan tí ọwọ́ ènìyàn ti kan àlìkámà nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì léwu jù. Òògùn kòkòrò tí wọ́n fi sínú ẹrù lójú òkun máa ń tú èéfín tí ń pani. Ẹni tó bá wọ yàrá tí wọn kò tíì ṣí fún atẹ́gùn tó lè má jáde mọ́. Eruku àlìkámà tún léwu lọ́nà tirẹ̀: bó bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibi tó pa dé, ìṣáná kan lè mú un bú gbàù, ó sì ti wó sáílò palẹ̀ lókè òkun rí. Ẹ má bínú sí ẹ̀ṣọ́ tó bá gba sìgá lẹ́nu yín níbẹ̀.

Òjò ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Bó bá ṣú, gbogbo ìdérí gbọ́dọ̀ padà sípò, nítorí àlìkámà tó tutù á gbóná, á bu, á bà jẹ́ láti inú. Lóṣù kẹfà àti ìkeje, iṣẹ́ tí ì bá gba ọjọ́ mẹ́fà lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, aago sì ń ka owó. Ìwé àdéhùn láàárín ọlọ́kọ̀ àti ẹni tó háyà rẹ̀ máa ń sọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ já ẹrù. Àkókò òjò gan-an lè má wọnú ìṣirò, bó bá wà nínú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá kọjá nítorí kirénì tó bà jẹ́, sáílò tó kún tàbí tírélà tí kò dé, olówó ẹrù á máa san owó ìdádúró lójoojúmọ́, èyí tí àwọn ará wófù ń pè ní dẹ́múréèjì. Kò sí oníṣòwò tó ń san owó yẹn látinú àpò ara rẹ̀. Orí ẹrù ló ń gbé e lé, orí wa ló sì ń já lé.

Nàìjíríà mọ ìyà yìí ju orílẹ̀-èdè mìíràn lọ. Ní 1975, nígbà ìjọba Gowon, ìjọba ti pàṣẹ fún nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, ilé iṣẹ́ ológun ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú iye yẹn ni èbúté Èkó lè gbà lọ́dún kan. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú òkun, òmíràn dúró fún oṣù pípẹ́, owó ìdádúró ń gun orí ara wọn, sìmẹ́ńtì inú ọkọ̀ mìíràn sì dì gbagidi níbi tó wà. Wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Gowon ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún náà. Èbúté Tin Can Island tí wọ́n ṣí ní October 1977 jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wàhálà yẹn bí. Ká ní wọ́n ti kọ́ èbúté kí ẹrù tó dé ni, wọn kì bá ti san owó láti fi wo ọkọ̀ níran lójú òkun. Mo gbà pé kò sí ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé tó ye ni kedere ju èyí lọ: kí a tó ra ẹrù, ká kọ́kọ́ mọ ibi tí a ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

 

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àlìkámà náà kúrò létí omi. Nínú tọ́ọ̀nù mẹ́rin tí wọ́n bá lọ̀, nǹkan bí mẹ́ta ló ń di fúláwà. Èyí tó kù ni èèrí tí àwọn olóko adìyẹ ń wá. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìlọ̀ ni gbogbo àǹfààní àìdì ti parí, nítorí inú àpò ni fúláwà ń wọ̀, tírélà ló sì ń gbé àpò. Tírélà oní-30 tọ́ọ̀nù, ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ la nílò láti kó ẹrù ọkọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ẹ rò ó wò, ẹgbẹ̀rún tírélà lójú ọ̀nà Àpápá. Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n máa ń tò sórí afárá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń wẹ̀ lẹ́bàá títì. Ní February 2021 ni NPA gbé ètò ìpè orí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Ètò kalẹ̀ kí tírélà má baà kúrò ní gáréèjì títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Ó dín ìdààmú kù, kò mú un kúrò.

Tírélà tó bá já ara rẹ̀ gbà á gba Márosẹ̀ wá sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò lè dé Ọjà'ba. Àwọn tó la ọ̀nà láàárín Mápó, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká kò ní tírélà lọ́kàn. Àárín agboolé ni ọ̀nà ń gbà, gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìsọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ilé ìkẹ́rùsí lẹ́yìn ìgboro ni wọ́n á já àpò sí. Mọ́tò kékeré á tún wá kó o níbẹ̀. Níbi tí mọ́tò náà bá dúró sí, alábàárù á ká òṣùká sórí, ẹni méjì á gbé àpò fúláwà lé e, 50 kìlógíráàmù, á sì sáré wọ inú agboolé pẹ̀lú ọrùn tó ti funfun. Láti ilé ìlọ̀ dé ẹnu ààrò, wọ́n lè gbé àpò kan ṣoṣo sókè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí márùn-ún, ẹnì kan sì ń gbowó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò bá alábàárù jà o. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni, ìrìn ìkẹyìn yẹn kò sì lè wà láìsí i. Àwọn ìgbésókè ìgbésílẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni mo rò pé a lè dín kù.

A lè dín in kù, nítorí àwọn ìlú tó jìnnà sókun jù wá lọ ti ṣe é. Duluth ní Amẹ́ríkà wà létí adágún Superior, ó jìnnà sí Àtìláńtíìkì tó 3,700 kìlómítà lójú omi. Reluwé ló ń kó irin tútù láti ibi ìwakùsà wá sórí wófù gíga, wọ́n á tú u láti ìsàlẹ̀ wágọ́ọ̀nù, á sì bọ́ sínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ adágún náà ní bẹ́líìtì tirẹ̀ nínú ikùn, kò nílò kirénì ẹnikẹ́ni láti já ẹrù. Ibodè omi tí ọkọ̀ ń gbà jáde kúrò ní adágún náà máa ń wà ní títì láti January títí di apá ìparí March nítorí yìnyín, síbẹ̀ ọ̀kan nínú èbúté ẹrù àìdì tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè wọn ni. Ohun tó gbé e ró ni pé láti ilẹ̀ dé inú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó di ẹrù náà sínú ohunkóhun.

Àwa náà ní ojú irin. Èyí tuntun láti Èkó, 157 kìlómítà, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021, gba Abẹ́òkúta wá parí sí Mọ́níyà, ẹ̀ka rẹ̀ sì wọ inú èbúté Àpápá. Ó ti ń gbé kọ̀ǹtẹ́nà wá sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin kan tó fa 20 wágọ́ọ̀nù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 60 tọ́ọ̀nù, rọ́pò 40 tírélà. Wágọ́ọ̀nù ẹrù àìdì kò díjú: ẹnu wà lókè rẹ̀ fún ìdàsí, ẹnu wà nísàlẹ̀ fún ìtúsílẹ̀. Bí sáílò bá wà ní Mọ́níyà, àlìkámà á dé Ìbàdàn kó tó wọ àpò rárá. Ibí ni wọ́n á ti lọ̀ ọ́, ibí ni èèrí á wà fún àwọn olóko adìyẹ wa, àgbàdo àti sóyà láti Òkè-Ògùn sì lè gba sáílò kan náà kọjá.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ èbúté orí ilẹ̀ fún Ìbàdàn. Kàdúná ti ní tirẹ̀ láti 2018. Ẹ̀yin tí ìwé ètò náà wà lọ́wọ́ yín, ní Abújá àti ní Agodi, kọ̀ǹtẹ́nà nìkan kọ́ ni Ìbàdàn ń jẹ. Ẹ fi ibi ìtúsílẹ̀ ẹrù àìdì àti sáílò sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn ìyálọ́jà Ọjà'ba jókòó kí ẹ tó buwọ́ lù ú, nítorí àwọn ló mọ iye tí àpò kan ti jẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.